Omi Beetroot Kí N Tó Sáré Dé Èbúté Ìpakodò

Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí mo ti ń mu ife omi beetroot kan kí n tó sáré láti Ṣábọ̀ dé èbúté Ìpakodò ní Ìkòròdú, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ohun tí náítréètì, èròjà kan tó wà nínú rẹ̀, ń ṣe lára eléré ìdárayá.

Bí náítréètì bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, ara á dá díẹ̀ lára rẹ̀ padà sínú itọ́, àwọn bakitéríà orí ahọ́n á sọ ọ́ di náítráìtì, ara á sì tún sọ èyí di nitric oxide, afẹ́fẹ́ kan tí í mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, tí í sì í dín ọ́síjìn tí ẹran ara ń lò kù. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń sáré pé kí wọ́n má fi oògùn ìfọnu tó ń pa bakitéríà yọ ẹnu láàárọ̀ ọjọ́ eré.

Ní ọdún 2018, ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé ka náítréètì mọ́ ìwọ̀nba àfikún oúnjẹ tí ẹ̀rí wà fún: mílígíráàmù 310 sí 560, ní wákàtí 2 sí 3 ṣáájú eré. Àwọn ọ̀jẹ̀ sárésáré kì í fi bẹ́ẹ̀ jàǹfààní rẹ̀ tó àwa yòókù.

Ìtọ̀ mi pọ́n ní ọjọ́ kìíní, àyà mi sì já, àṣé àwọ̀ beetroot lásán ni.

Tẹ̀tẹ̀ ọjà wa náà ní náítréètì dáadáa, ṣùgbọ́n a máa ń bọ̀ ọ́, a ó fún un, a ó sì da omi rẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ inú omi yẹn gan-an ni púpọ̀ nínú náítréètì náà ń bá lọ.