Ìwé Wà Lọ́wọ́ Wọn, Ẹnu Kò Sí Níbẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wíìgì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kó ìtìjú bá mi.

Ọdún kejì tí mo di lọ́yà, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ bàbá kan fún mi. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ohun tí wọ́n ní ó jẹ́wọ́, bàbá sì ti tẹ̀ka sí i. Mo kà á, mo gbà á gbọ́, mo ti ń ro bí a ṣe máa bẹ adájọ́. Ìgbà tí mo jókòó tì í, tí mo fi Yorùbá bi í, ló tó hàn pé ọ̀rọ̀ yẹn kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ẹjọ́ ọkọ̀ ojú omi Amistad ni mo lọ tún kà lẹ́yìn náà. Ní 1839, Ruiz àti Montes, àwọn ará Sípéènì tó ra ẹrú, kó àwọn ọmọ Áfíríkà 53 sínú ọkọ̀ ní Havana. Ìwé wọn pé: orúkọ Sípéènì ni wọ́n fún wọn, bíi pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣẹrú ní Cuba. Àwọn èèyàn náà gba ọkọ̀, àmọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n New Haven, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bá ara wọn. Roger Sherman Baldwin, agbẹjọ́rò ìlú náà, gba ẹjọ́ wọn.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè wọn. Gibbs, olùkọ́ kan ní Yale, ní kí wọ́n kọ́ òun ní oókan dé ẹẹ́wàá. Ó lọ sí èbúté New York, ó ń ka oókan, eéjì kiri láàárín àwọn atukọ̀. (Mo máa ń rò pé wọ́n á ti pè é ní wèrè.) James Covey ló dá a lóhùn. Mende, èdè kan ní Sierra Leone, ni èdè náà. Covey fúnra rẹ̀, ojú omi làwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á lọ́wọ́ olówò ẹrú, bíi ti Àjàyí Crowther wa.

Bó ṣe di ogbufọ̀ wọn, wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé Áfíríkà ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwọn wá, ìwé Havana bá túká. Adájọ́ Judson dá wọn láre ní 1840, ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì tú wọn sílẹ̀ ní March 9, 1841. Adams, ààrẹ àná, làwọn èèyàn ń dárúkọ. Èmi ò gbà: Baldwin ló ti ń gbé ẹrù náà bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di gómìnà Connecticut, tó sì wọ Sẹ́nétì láti 1847 di 1851.

Ní ti bàbá mi yẹn, a tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà sílẹ̀ ní Yorùbá. Nígbà tí mo kà á sí i létí, ó ní, "Èyí ni mo sọ. Ta ló wá sọ tàkọ́kọ́?"