Ìpàdé tí a fi ìdákẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀

Alẹ́ Sátidé

Iná ti lọ láti aago méje, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń kọ èyí. Bébà méjìlá ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo tẹ́ wọn bí ẹni ń sá gbodo. Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ sùn láìkọ ohun tí ojú mi rí lónìí sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa kéré. Àwọn ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde là ń ràn lọ́wọ́, n'Íbàdàn àti ní Ìbàràpá: folic acid ojoojúmọ́, Paludrine kí ibà má baà kọlù wọ́n, owó kílíníìkì fún ẹni tí kò bá ní. Nǹkan bí 150,000 ọmọ ló ń bá àìsàn yìí wáyé lọ́dọọdún ní Nàìjíríà, díẹ̀ bíńtín sì ni apá wa ká. Láti 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, oògùn tó ń ti òkè òkun wọlé ti di ọ̀wọ́n. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà sì dá owó ìrànwọ́ dúró ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, ẹgbẹ́ ńlá kan tó máa ń bá wa ra oògùn ní apá àwọn náà ò ká a mọ́. Ìdí tí a fi pe ìpàdé òní nìyẹn. Ṣé ká yọwọ́ ní Ìbàràpá, ká gbájú mọ́ Ìbàdàn nìkan?

Alága wa fẹ́ràn òwe kan: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Tọkàntọkàn ló fi ń pa á. Ṣùgbọ́n tí bàbá bá ti sọ tirẹ̀ tán, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kò ní dìde kó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni, sà. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ̀ wọ́n pé ká gbìyànjú ohun mìíràn. Ará Jámánì kan, Bernd Rohrbach, ló gbé e kalẹ̀ ní 1968: ẹni mẹ́fà á jókòó, oníkálukú á kọ èrò mẹ́ta sórí bébà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà a óò gbé bébà fún ẹni tó kàn, kó fi tirẹ̀ kún un. Kódà ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1958, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ti rí i pé èrò tí ẹni mẹ́rin máa mú wá bí wọ́n bá dá ronú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ máa ń pọ̀ ju ti ẹni mẹ́rin tó jọ ń sọ ọ́ lọ. Alága gbà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún un, nítorí kò rọrùn fún ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ọ̀gá ilé-ìwé láti jókòó kó pa ẹnu mọ́.

Àwa méjìlá, tábìlì méjì. Fún ìgbà àkọ́kọ́, a pe mẹ́ta nínú àwọn ìyá ọmọ síbẹ̀. Alága kọ ìbéèrè sójú bọ́ọ̀dù: “Níbo la ti máa rí owó?” Nọ́ọ̀sì wa wò ó títí, ó sì ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè ìdí tí àwọn ìyá ò fi wá mọ́.” Òótọ́ ni. Nínú ìwé orúkọ wa, iye ọmọ tó ń wá gba oògùn ti dín ju ìdajì lọ láàárín ọdún kan, oògùn sì wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọn ò wá. Bàbá pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́.

Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn gùn. Bírò nìkan là ń gbọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà, tó ń ta ata ní Bódìjà, kò mọ̀wéé kọ, ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan bá sún àga mọ́ wọn, ó ní, “Ẹ sọ ọ́ sí mi létí, mà.” Wọ́n bo ẹnu, wọ́n sọ ọ́. Ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Bébà náà ló wà níwájú mi yìí:

“Ọjọ́bọ̀ lẹ fi kílíníìkì sí, Ọjọ́bọ̀ sì ni ẹni tó ń kó ata fún mi máa ń dé. Ìyẹn ì bá má burú. Ṣùgbọ́n ẹ máa ń pe orúkọ ọmọ mi sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ó ní kí àwọn tó ní síkúlà bọ́ síbí. Àbúrò ọkọ mi ń tajà lẹ́nu géètì.”

Èmi ni mo máa ń pe orúkọ yẹn. Èmi gan-an, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, pẹ̀lú ohùn tí mo rò pé ó lọ́yàyà. Ilé ọkọ ti ń bú obìnrin yìí pé òun ló kó àìsàn wọlé, bẹ́ẹ̀ sì rèé ọmọ kì í jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àìsàn yìí, àfi kí S kan ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, kí ìkejì ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. Mo mọ èyí, mo ń fi í kọ́ àwọn èèyàn, síbẹ̀ mo ń tú àṣírí rẹ̀ ní gbangba lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí bébà náà dé iwájú mi, ó yẹ kí n kọ èrò mẹ́ta kún un. Ẹyọ kan ni mo rí kọ: “Ẹ má bínú, mà.”

Ọ̀rọ̀ Ìbàràpá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó jẹ́ ọmọ Èrúwà kọ ọ́ pé kí àwọn ìyá ibẹ̀ dá àjọ owó ọkọ̀, kí ẹnì kan máa wá gba oògùn fún gbogbo wọn lóṣooṣù, kí ó máa yí kárí bí àárò. Inú mi dùn sí i. Nọ́ọ̀sì ò gbà: oògùn ṣeé fi rán èèyàn, ó ní, ṣùgbọ́n ojú ọmọ tó ti funfun àti ikùn tó ti ń le kò ṣeé fi rán èèyàn, àfi kéèyàn rí i. Wọ́n fà á títí oúnjẹ fi tutù. Níkẹyìn a fẹnu kò sí i pé kí ẹnì kan máa wá gbà á fún oṣù méjì, kí gbogbo ọmọ yọjú ní oṣù kẹta. Oṣù mẹ́fà la fi máa dán an wò. A ṣì ń wá owó, a ò rí ojútùú sí ìyẹn lónìí.

Ní Mọ́ńdè, èmi àti nọ́ọ̀sì máa lọ bẹ àwọn aláṣẹ kílíníìkì pé kí wọ́n sún un sí ọ̀sán Sátidé. Mo ti gé páálí bísíkíìtì kan sí wẹ́wẹ́, mo sì ti kọ nọ́ńbà sára wọn, 1 dé 40. Ó ku kí n lu ihò sí wọn létí kí n sì fi òwú sí i, kí n tó lè fi wọ́n pe àwọn ọmọ.