Barrister níbi òkú Akíntọ́lá

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà mi kan wá gba agbádá wọn ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Táíwò, n'Ílọrin. Bàbá àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n á sún mọ́ ẹni ọgọ́rin ọdún. Mi ò tíì lọ aṣọ náà, mo bá ní kí wọ́n jókòó díẹ̀. Wọ́n yọ fóònù, wọ́n fi Odòlayé Àrẹ̀mú, olórin ìbílẹ̀ ìlú wa, sí i, ibi tó ti ń dárò Akíntọ́lá gan-an. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń wo ara wọn lójú. Èmi dúró pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, mò ń retí kí Barrister onífújì wọlé.

Barrister kò wọlé. Orin ń lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́. Ahunṣọ ni bàbá mi, lágboolé wa lẹ́yìn Ọjà Ọba. Ẹsẹ̀ òfì rẹ̀ ni rédíò alákásẹ́ẹ̀tì máa ń wà, páálí bàtà tó kún fún kásẹ́ẹ̀tì á sì wà lábẹ́ àga. Dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, ló ń gbọ́. Bó bá ń hun lọ, tí Odòlayé bá dédé pa òwe kan tó gún un lára, ọwọ́ rẹ̀ á dúró, ọkọ̀ òfì á dúró sáàárín òwú, á ní, "Há! Àrẹ̀mú!" Lẹ́yìn náà ló tó máa wò wá bóyá ó yé wa. Kì í sábà yé wa. Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ta ni Akíntọ́lá, ará Ògbómọ̀ṣọ́, Pírẹ́míà Ìwọ̀ Oòrùn, bí wọ́n ṣe pa á n'Íbàdàn ní January 15, 1966, àti bí ẹnu rẹ̀ ṣe dùn tó nínú ìṣèlú. Títí dòní, ohun tí mo mọ̀ nípa ìjà àwọn olóṣèlú ayé ọjọ́un, ẹsẹ̀ òfì ni mo ti kọ́ ọ. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé ẹni tó bá dá nìkan gbọ́ Odòlayé, ìlàjì ló gbọ́. O nílò àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.

Jáígbadé Àlàó, onídàdàkúàdà míì, náà wà nínú páálí yẹn. Bàbá mi ní ohùn rẹ̀ dára, pé àmọ́ Odòlayé ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìyá mi, ọmọ Ọ̀fà, Hárúnà Ìṣọ̀lá alápàlà ni tiwọn. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní ó tó gẹ́ẹ́, kí bàbá mi gbé Àrẹ̀mú kúrò, kí àwọn náà gbọ́ orin ọmọlúàbí: agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ohùn ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ tí kò kánjú. Wọ́n a máa jà sí i. Ìjàkadì sáà lorò Ọ̀fà.

Àbúrò bàbá mi wá ní tirẹ̀, Kollington onífújì ṣáá. Pé ọmọ Ilọ́ta ni, pé ẹ̀yìn ilé wa níbí ni Ilọ́ta wà, pé ọmọ Ìlọrin tí kò bá ṣe ti Kollington, ọmọ àlè ni. Bàbá mi á ní kí ló ń jẹ́ fújì, ṣebí wéré tí àwọn ọmọdé fi ń jí wa sáàrì nínú ààwẹ̀ náà ni. Àbúrò rẹ̀ á ní dàdàkúàdà ńkọ́, ṣebí ọ̀dọ̀ eégún ló ti wá. Ibẹ̀ ni ilé máa ń gbóná. "Ìlọrin ò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn," ẹ sì wá ń sọ fún ọmọ Ìlọrin pé eégún ló bí orin rẹ̀! (Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé ọ̀jọ̀gbọ́n Abdul-Rasheed Na'Allah, ọmọ Ìlọrin fúnra rẹ̀, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀dọ̀ eégún ni dàdàkúàdà ti wá. Bàbá mi ti kú nígbà yẹn. Kò burú.)

Èmi, ní tèmi, Barrister ni mo fẹ́ràn. Nílé wa, ọ̀dàlẹ̀ pátápátá ni mí.

Ní 1988, mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Rédíò fẹ́ gbé orin Barrister kan tí mo ti ń wá sáfẹ́fẹ́, mi ò sì ní kásẹ́ẹ̀tì. Mo mú ọ̀kan nínú páálí. Bàbá mi ti ṣẹ́ eyín rẹ̀, àwọn ike kékeré méjì ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti ṣẹ́, èèyàn ò lè gba nǹkan míì lé e mọ́. Mo ya ìwé ìṣirò mi, mo ká bébà, mo fi dí ihò méjèèjì. Nítorí náà, mi ò lè ní mi ò mọ̀ ọ́n mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi ń hun, Odòlayé ń dárò, ọ̀rọ̀ ò tíì parí lẹ́nu rẹ̀ tí Barrister fi bú jáde pẹ̀lú gbogbo ìlù. Òfì dúró. Mo ti ń wá ọ̀nà sá lọ. Bàbá mi tẹjú mọ́ rédíò, ó ní, "Ṣé Barrister náà wá síbi òkú Akíntọ́lá ni?"

Kò nà mí, kò sì ra òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ló ń gbọ́ ọ títí tó fi kú ní 2009. Tí àlejò bá wà, tó bá ti kù díẹ̀ kí orin dé ojú ibẹ̀, á ti máa kìlọ̀ fún wọn: "Ẹ má bínú o, Barrister ń bọ̀ wá kí wa."

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán fún bàbá oníbàárà mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá orin náà padà síbẹ̀ fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a padà, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mi ò gbọ́ nǹkan kan tí Odòlayé sọ, ìlù Barrister ló ń dún létí mi. Wọ́n pòṣé, wọ́n na ọwọ́ gba agbádá. Wọ́n ní tó bá jẹ́ Kollington ni mo fi pa á rẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá yé àwọn.