Níbo Ni Ayàwòrán Dúró Sí? Ẹ̀kọ́ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Fi Fọ́tò Mọ Èkó

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ń kọ́ nípa ètò ìlú, àtẹ̀yin tí kámẹ́rà ti di ọkọ́ àti àdá yín, ẹ má tètè gba fọ́tò gbọ́. Ẹni tí kò dé Èkó rí mọ dánfó aláwọ̀ yẹ́lò onílà dúdú. Ó mọ afárá Lẹ́kkí sí Ìkòyí pẹ̀lú, nítorí fíìmù tuntun tí kò ní fi dróònù gba orí rẹ̀ kọjá kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n. Ọdún 2013 ni wọ́n ṣí afárá ọ̀hún, kò sì gùn ju kìlómítà kan àti díẹ̀ lọ, síbẹ̀ òun ló wá di ojú Èkó. Mùṣín tí èrò há mọ́ kì í ráyè wọ fíìmù, àyàfi tí wọ́n bá ń wá ibi tí jàgùdà máa gbé.

Nítorí náà, kí ẹ tó bi àwòrán pé kí ló wà nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: níbo ni ẹni tó yà á dúró sí?

Ẹ wo Makoko. Orí Third Mainland Bridge ni wọ́n ti ya ọ̀pọ̀ fọ́tò rẹ̀, látinú mọ́tò tó ń sáré. Láti ibẹ̀, etí omi nìkan lojú ń tó: páànù tó ti dípẹtà, òpó igi, èéfín. Èéfín yìí ló ń tan èèyàn jù. Ẹni tó wà lókè afárá á ní ìdọ̀tí ni. Ṣùgbọ́n ìdí ààrò àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ni apá kan rẹ̀ ti ń wá, ìyókù máa ń ti Oko Baba wá nígbà tí wọ́n ṣì ń la gẹdú níbẹ̀, tí wọ́n sì ń sun ìyẹ̀fun igi tó ń já bọ́ lẹ́nu ayùn. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Àdúgbò mẹ́fà ló para pọ̀ di Makoko, àwọn kan lórí omi, àwọn kan lórí ilẹ̀. Èyí tó wà lórí ilẹ̀, fọ́tò orí afárá kì í dé ibẹ̀, aráyé náà kì í sì í dárúkọ rẹ̀.

Ojú tí wọ́n fi ń wo ibẹ̀ ní ohun tó ń fà. Ní oṣù keje ọdún 2012, wákàtí 72 péré nìjọba fún àwọn ará ibẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé. Ibi tí aráàlú ti fi fọ́tò mọ̀ sí ìdọ̀tí, ta ni yóò pariwo nítorí rẹ̀? Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ẹ̀kọ́ olórí ṣóńṣó tó léfòó sórí omi, iṣẹ́ ayàwòrán ilé Kunlé Adéyẹmí, gba gbogbo ìwé ìròyìn kan. Òjò wó o lóṣù kẹfà 2016. Fọ́tò rẹ̀ kò wó ní tirẹ̀. Ẹ ó ṣì rí i tí wọ́n ń pín in bí ẹni pé àwọn ọmọ ṣì ń kàwé níbẹ̀. Lọ́dún 2019 ni wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin àdúgbò náà ní dróònù, tí wọ́n fi ya máàpù Makoko sórí OpenStreetMap, máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè fi kún. Dróònù kan náà ni, àmọ́ ẹni tó mú un lọ́wọ́ mọ orúkọ ojú omi tó ń fò lé lórí.

Ọ̀rọ̀ súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ ńkọ́? Wọ́n á ní lẹ́ǹsì gígùn ló ń mú kí ọkọ̀ dà bí ẹni pé wọ́n há mọ́ra nínú fọ́tò. Irọ́ ni. Bí ẹ bá rí dánfó méjì tí mítà mẹ́wàá wà láàárín wọn, ẹ dúró ní mítà márùn-ún sí ti iwájú: ti ẹ̀yìn á wà ní mítà 15, á sì kéré sí i nílọ̀ọ́po mẹ́ta lójú fọ́tò. Ẹ wá lọ dúró ní 100 mítà: ti ẹ̀yìn wà ní 110, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, wọ́n á dà bí ẹni pé wọ́n gun ara wọn. Jíjìnnà yín ló ṣe é. Iṣẹ́ lẹ́ǹsì gígùn, bíi ti 200mm, kò ju kó gé ìyókù dànù lọ. Orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn ti ń ya irú ẹ̀.

Fọ́tò Oṣòdì ló ń ṣi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà jù, nítorí ìjọba ti kó àwọn ọlọ́jà kúrò lójú títì níbẹ̀ ní oṣù kìíní 2009, síbẹ̀ àwòrán àtijọ́ ò kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti mọ ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò, ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀. Bí lẹ́tà mẹ́ta bá ṣáájú, tí nọ́ńbà mẹ́ta àti lẹ́tà méjì tẹ̀ lé e, fọ́tò náà kò lè ṣáájú 2011. Tí lẹ́tà mẹ́ta ọ̀hún bá wà lẹ́yìn, ìyẹn kò fi dandan jẹ́ ti àtijọ́, torí nọ́ńbà àtijọ́ ṣì wà lójú títì fún ọdún púpọ̀. Agboòrùn àwọn oníkáàdì ìpè kò ṣáájú 2001. Bọ́ọ̀sì BRT kò ṣáájú 2008.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun nípa àdúgbò kan, ẹ wá ọgbọ̀n fọ́tò rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan: òkè, afárá, ojú títì tàbí omi? Àárọ̀ ni àbí alẹ́? Ta ló ń wo kámẹ́rà, ta ló kẹ̀yìn sí i? Tí 20 nínú wọn bá wá láti ibì kan ṣoṣo, ẹ ti mọ ibi tí ẹsẹ̀ yín kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn ín lẹ́ẹ̀mẹta: aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, aago kan ọ̀sán, aago méje alẹ́. Kí ẹ kí Baálẹ̀ tàbí ìyálọ́jà kí ẹ tó yọ kámẹ́rà. Ẹni tí kò kí ẹnikẹ́ni, ẹ̀yìn orí èèyàn ló máa yà lọ sílé.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fọ́tò kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, báyìí: "Oṣòdì, láti orí afárá ẹlẹ́sẹ̀, a kọjú sí ìlà-oòrùn, ọjọ́ Ajé, aago méje ààbọ̀ àárọ̀, lẹ́ǹsì 35mm." Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì, bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, ọjọ́ àti ibi tí kámẹ́rà kọ sínú rẹ̀ á pa rẹ́.