Èmi ni mo sọ fún àbúrò mi pé ìjọba ti fọwọ́ sí igbó

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí àbúrò mi ti padà wálé láti àtìmọ́lé, síbẹ̀ mi ò tíì lè wo ojú màmá wa dáadáa. Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Mò ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ọláìyá, rédíò ń sọ̀rọ̀ nípa àbá òfin tó fẹ́ fàyè gba igbó. Ìdajì ni mo gbọ́, nítorí ariwo ẹ̀rọ. Bí àbúrò mi ṣe wọlé, mo ní, "Ìjọba ti fọwọ́ sí igbó yín o."

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn agbófinró fi mú un. Igbó tí wọ́n fi bébà dì, mẹ́ta, ni wọ́n bá nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n ti fọwọ́ sí i." Nígbà tí mo dé àtìmọ́lé, ẹ̀rín ni mo bá lẹ́nu wọn: "Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n aṣòfin?"

Ilẹ̀ ni àbúrò mi jókòó sí. Kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti gba bẹ́líìtì rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú. Ó wò mí, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ṣáà sọ fún wọn pé ẹ gbọ́ ọ lórí rédíò." Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ọ̀kan nínú àwọn agbófinró náà wá ní, lábẹ́ òfin oògùn olóró ti ọdún 1989, ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 ni. Màmá wa tó wà lórí ìkúnlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọdún, ó ń wá iye ọdún tí òun máa jẹ́ nígbà tí ọmọ náà bá jáde. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́yà bá wa dá sí i, mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ kan, a rí oníduùró. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò tó ń mu ún, ẹ jẹ́ kó yé wọn: àbá òfin kì í ṣe òfin. Ilé aṣojú-ṣòfin á kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ilé aṣòfin àgbà á kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ààrẹ á sì fọwọ́ sí i. Ní 2019, Gómìnà Akeredolu ti Oǹdó lọ sí Thailand nítorí igbó tí wọ́n fi ń ṣe oògùn, ariwo ta nígboro, àmọ́ òfin ò yí padà. Àbá ni, àbá ni, àbá ni.

Àwọn kan ń sọ pé mi ò tọ́ ọ dáadáa. Èmi ni mo sanwó iṣẹ́ tó kọ́, mo sì ti bá a jà lórí igbó yìí títí ó fi sú mi. Mi ò tako àbá náà. Bó bá di òfin lọ́nà tó tọ́, inú mi á dùn pé kò ní sí ìyá tí yóò tún fi ìka ka ọdún.

Bí wọ́n bá sì mú ọmọ yín, ẹ ní kó dákẹ́ títí yóò fi bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún un lẹ́tọ̀ọ́ yẹn. Gbólóhùn tí àbúrò mi fi gbèjà ara rẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ sílẹ̀: ó ti jẹ́wọ́ pé igbó ni, pé tòun sì ni. Èmi ni mo fi gbólóhùn náà sí i lẹ́nu.

Lánàá, rédíò tún mẹ́nu bà á. Mo dá ẹ̀rọ dúró, mo gbọ́ ọ tán, mo wá pe àbúrò mi lórí fóònù pé àbá ṣì ni.