Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí ìkókó wá bá Tanmọ̀la nílé

Ọdún mẹ́rin ni Tanmọ̀la ti wà lọ́dọ̀ wa ní Tanke, ní Ìlọrin, kí n tó bímọ. Ajá pupa lásán ni, Òmù-Àrán ni ọkọ mi ti gbé e wá nígbà tó ṣì kéré, kò sì mọ ẹlòmíì ju àwa méjèèjì lọ. Ẹsẹ̀ mi ló máa ń sùn sí ní pálọ̀, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé á ti gbọ́ ìró ọ̀kadà kí n tó kan géètì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ sílé ní ọsibítù, ọkọ mi ti so ó mọ́ ẹ̀yìn ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì omi, ó ní kí ọmọ gbó díẹ̀ ná. Ìyá ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Èmi náà ò jiyàn, ara ń ro mí, oorun ò tó. Ajá tó ti ń wọlé tó ń jáde bó ṣe wù ú láti ọdún mẹ́rin wá di ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀ tọ̀sán tòru, kò rí mi, kò sẹ́ni tó bá a ṣeré, wọ́n á kàn gbé oúnjẹ jù síbẹ̀ kí wọ́n kọjá, igbe ọmọ nìkan ló ń gbọ́ látinú ilé, ó ń hu, ó ń gbó, gbogbo èèyàn ní ó ń jowú. Lọ́jọ́ kẹjọ tá a ń sọmọ lórúkọ, ilé kún, kánọ́pì wà níta, ariwo pọ̀, bí okùn ṣe já nìyẹn. Ó sáré wọ pálọ̀, ó fò mọ́ mi, ọmọ sì wà lọ́wọ́ mi. Kò gé ẹnikẹ́ni jẹ o, ayọ̀ pé ó rí mi ni, ṣùgbọ́n èékánná ẹ̀ fa apá mi ya, ó sì ku díẹ̀ kó kan àwùjẹ̀ ọmọ. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn kan ní ká tà á. Ní Ìlọrin níbí ọ̀pọ̀ ilé ni ajá kì í wọ pálọ̀ rárá nítorí àlùwàlá àti ìrun, torí náà mi ò rẹ́ni tó ti gba irú ẹ̀ kọjá tí mo lè bi. Ọsibítù ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin la gbé e lọ. Dókítà kọ́kọ́ bèèrè abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, àṣé ó ti lé lọ́dún kan tá a gbà á kẹ́yìn, ojú tì mí. Wọ́n gún un, wọ́n fún un lóògùn aràn, wọ́n yọ eégbọn etí ẹ̀. Wọ́n wá ní gbogbo ayípadà yẹn ò yẹ kó ṣubú lé e lórí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé kò ní máa sùn ní pálọ̀ mọ́, oṣù kejì kẹta ṣáájú ìbímọ ni kẹ́ ẹ ti yí ibùsùn ẹ̀ padà, kó má bàa dà bíi pé ọmọ ló kó ìyà dé bá a.

A bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ọkọ mi á kọ́kọ́ mú un rìn dáadáa láàárọ̀ kó rẹ̀ ẹ́, á wá fi okùn dì í mú lẹ́nu ọ̀nà, èmi á jókòó pẹ̀lú ọmọ lódìkejì pálọ̀. Tó bá ti dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, a fún un léegun kékeré, ó parí fún ọjọ́ yẹn. Díẹ̀díẹ̀ la ń sún mọ́ra, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó gbóòórùn àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ, ojú ọmọ ò sí níbẹ̀ rárá. Wọ́n tún ní ká máa fún un láṣọ tá a fi pọ́n ọmọ kó máa gbóòórùn ẹ̀, ìyẹn dáa, àmọ́ òrí tí Ìyá fi ń ra ọmọ lẹ́yìn ìwẹ̀ wà lára aṣọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá a bí ẹni rí ọ̀rá ẹran. Látìgbà náà, tí wọ́n bá ń wẹ ọmọ, ìta ni Tanmọ̀la ń wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi òrí tàbí àdí ra ọmọ, ẹ ṣọ́ra fún èyí.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ọmọ ló le jù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lábúlé látijọ́, tí ọmọ bá ṣu, wọ́n á pe ajá kó wá lá a, títí dé ìdí ọmọ. Ìyá fẹ́ ṣe é. Mo kúnlẹ̀, mo ní Màámi, ẹ jọ̀ọ́, eyín ajá nítòsí nǹkan ọmọkùnrin, aràn tún wà níbẹ̀, tó bá ti mọ́ ọn lára, ọjọ́ wo ló máa yà á sọ́tọ̀ pé èyí ìgbẹ́, èyí ẹran ara? Inú wọn ò dùn sí mi fún ọjọ́ méjì, mi ò yí i padà.

Ẹ kọ́ bí ajá ṣe ń sọ̀rọ̀. Tó bá ń yán tí oorun ò kùn ún, tó ń lá ètè láìsí oúnjẹ, tó ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí funfun ojú ẹ̀ ń yọ, tára ẹ̀ le gbagidi, ó fẹ́ kẹ́ ẹ gbé ọmọ kúrò nìyẹn. Tó bá sì kùn, ẹ má nà án. Ajá tí wọ́n ń nà torí pé ó kùn, á kọ́ láti gé ni jẹ láìkùn. Tó bá wá gé èèyàn jẹ, kódà kó jẹ́ ajá tiyín, kó kéré bí orí abẹ́rẹ́, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ wá gba ọsibítù lọ. Ẹ má fi ata tàbí epo sí i. Dìgbòlugi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára èèyàn, ikú ló ń já sí.

Nígbà tọ́mọ bẹ̀rẹ̀ sí í rá, a gbé abọ́ oúnjẹ Tanmọ̀la síta pátápátá, káfíńtà bá wa kan géètì pákó sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Ọmọ ti pé ọdún kan báyìí, wọ́n fẹ́ràn ara wọn, ó ń fa etí ajá, ajá á dìde lọ sí igun tiẹ̀, a kì í jẹ́ kọ́mọ tẹ̀ lé e débẹ̀. Síbẹ̀, tí mo bá fẹ́ lọ pa gáàsì lásán, mo máa ń gbé ọmọ sẹ́yìn ni o, tàbí kí n ti Tanmọ̀la síta.