Gáàsì tó sọnù mọ́ àwọn ọmọ SS2 mi lọ́wọ́

Ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí o, torí àtọjọ́ Thursday ló ti ń jà nínú mi. Kẹ́mísìrì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 níbí ní Ṣómólú. Láàbù wa ò ju yàrá kan lọ, tábìlì méjì, síńkì kan tí omi ẹ̀ máa ń yọ nígbà tó bá wù ú. Gas syringe tí wọ́n ń yà sínú ìwé, èyí tí wọ́n fi ń wọn gáàsì tó bá jáde lára ásíìdì àti kábónéètì, a ò ní in. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni kí tíṣà kọ nọ́ńbà sí bọ́ọ̀dù káwọn ọmọ dà á kọ. Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Èèpo ẹyin la lò, torí calcium carbonate ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìyẹn kábónéètì tí ásíìdì máa ń lé gáàsì jáde lára ẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ àbókí tó ń dín ẹyin fáwọn èèyàn nítòsí bọ́sítọ́ọ̀bù wa, mo fọ̀ ọ́, mo bó awọ funfun tínrín tó wà nínú ẹ̀ kúrò, mo sá a, mo wá gún un. Ẹ má lo ṣọ́ọ̀kì kíláàsì o, mo ti dán an wò rí, ásíìdì kàn dúró tì í ni kò hó rárá, torí púpọ̀ nínú ṣọ́ọ̀kì tá à ń rà báyìí kì í ṣe kábónéètì, calcium sulphate ni.

Ìṣirò ẹ̀ ò le. Calcium carbonate gíráàmù 100 máa ń tú móòlù kan CO2 sílẹ̀ (CO2 ni gáàsì carbon dioxide, móòlù sì ni ìwọ̀n tá a fi ń ka kẹ́míkà), móòlù kan gáàsì sì máa ń gba bíi lítà 24 nínú yàrá. Gíráàmù 0.2 la fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ásíìdì HCl (hydrochloric acid) tá a bù sí i ju èyí tó nílò lọ dáadáa, torí náà 48 cm³ ló yẹ kó jáde tí èèpo ẹyin yẹn ò bá lábùlà.

Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ rí 31.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀kan nínú wọn ti kọ 48 sínú ìwé ẹ̀. Mo ní ibo lo ti rí 48, ó ní, "Mà, òun ló wà nínú ìwé. Tá a bá kọ 31 wọ́n máa fèèlì wa." Mi ò bínú sí i rárá, bá a ṣe kọ́ wọn nìyẹn. Àmọ́ ó dùn mí gan-an, torí pé 31 yẹn gan-an ni práktíkà náà! Cm³ 17 ti sọnù, ẹ jẹ́ ká wá a. Gáàsì ò dà bí omi tó dà sílẹ̀ tó o máa rí ojú ibi tó tutù, o ní láti fi orí wá a ni.

Mo ní kí wọ́n tún un ṣe lójú mi, mo kàn ń wò wọ́n. Wọ́n da èèpo ẹyin sínú ásíìdì, ó ti ń hó ṣààà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wá ìdérí, ọwọ́ ń gbọ̀n, ìdérí ò wọlé bọ̀rọ̀. Èèpo tá a gún kúnná, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ló máa ń hó jù. Inú afẹ́fẹ́ Ṣómólú ni gáàsì yẹn lọ.

Olè kejì ni omi. Sílíńdà tá a kún fómi tá a dojú ẹ̀ dé sínú báàfù la fi ń gba gáàsì, omi sì ń gbé CO2 mì. Mo bi wọ́n pé kí ló ń hó nínú mínírà tẹ́ ẹ bá ṣí i, ni gbogbo kíláàsì bá pariwo. Nínú ooru tiwa yìí, lítà omi kan lè gbé ju ìdajì lítà ẹ̀ mì. Henry Cavendish, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ti bá ìṣòro yìí pàdé nílùú ọba ní 1766, ńṣe ló lọ gba tiẹ̀ sórí mákúrì. Àwa ò lè fi mákúrì ṣeré o, májèlé ni.

Mo wá lọ sí kẹ́míìsì, mo ra síríǹjì 60 ml tí kò ní abẹ́rẹ́ àti rọ́bà dírípù. A fi rọ́bà so síríǹjì mọ́ ìdérí ìgò, a fi òwú so ìgò abẹ́rẹ́ kékeré kan tí èèpo ẹyin wà nínú ẹ̀ rọ̀ sókè ásíìdì, a dé ìgò pa kó tó di pé ohunkóhun kan ara wọn, lẹ́yìn náà la wá rọra dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Síríǹjì náà kọ́kọ́ le, a fi gilisarín díẹ̀ pa á nínú. Ẹ má dé ìgò pa láìsí ibi tí gáàsì máa gbà jáde o, ó lè bẹ́ sí yín lójú.

Nígbà tí ẹ̀yìn síríǹjì yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sún fúnra ẹ̀, tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, 10, 20, 35, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó dúró sí 44.

Àwọn fúnra wọn ló wá ń wá èyí tó kù. Ọ̀kan ní èèpo ẹyin kì í ṣe kábónéètì pátá, bíi 95 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Òmíì ní lítà 24 yẹn, ti ibi tó tutù ju Èkó lọ ni, yàrá wa wà ní 31°C lọ́jọ́ náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 25. A tún un ṣírò, ó bọ́ sí bíi 47. Ọmọ tó kọ 48 lẹ́ẹ̀kan ló sọ pé mẹ́ta tó kù, ásíìdì inú ìgò náà omi ni, òun náà á ti gbé díẹ̀ mì. Mi ò sọ fún un o. Ó fa ìlà sí 48, ó kọ 44.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, káún la máa wọ̀n. Mo ti rà á lọ́jà, èyí tá a fi ń se ewédú, kábónéètì wà nínú ẹ̀ àmọ́ ìdọ̀tí wà mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹ̀ kó mọ iye tó jẹ́ ojúlówó. Ìdáhùn tiẹ̀ ò sí nínú ìwé kankan, àwọn ọmọ ló máa sọ fún mi.